Ẹgbẹ́ ìtàn wa ní yunifásítì fẹ́ kú sí wa lọ́wọ́. Kí lẹ̀yin ń ṣe ní tiyín?

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni mí, 300 level, ní yunifásítì kan tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní orúkọ ibẹ̀, torí ẹ̀sín ni mo fẹ́ tú yìí. Sáà tó kọjá ni wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ìtàn. Ohun tí wọ́n kó lé mi lọ́wọ́ ni ìwé mínítì kan tí eku ti jẹ etí rẹ̀, òǹtẹ̀ kan tí kò ní yíǹkì mọ́, àti gúrúùpù Wàsáàpù tó jẹ́ pé àwòrán "ẹ kú ọ̀sẹ̀ tuntun" nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Owó ẹgbẹ́ ńkọ́? Akápò àná ní òun ti fi san owó gbọ̀ngàn. Gbọ̀ngàn wo? Ó ti gboyè jáde, kì í gbé fóònù mọ́.

Kì í kúkú ṣe pé a kàn jókòó. A pe ẹni ńlá kan wá sọ̀rọ̀. A tẹ báánà, a ra mínírà, a yá àga. Wákàtí méjì ààbọ̀ la fi retí ọkùnrin náà. Nígbà tó dé, ìtàn ara rẹ̀ ló sọ: bó ṣe ń la odò kọjá lọ sí iléèwé, bó ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù. Kó tó parí, àwa ìgbìmọ̀ àti ọmọ tó ń ya fọ́tò ló kù níjòókòó.

Ìbéèrè mi ò pọ̀. Kí ni ẹgbẹ́ ìtàn lè máa ṣe tí èèyàn á fi padà wá lọ́sẹ̀ kejì? Èkejì: àwọn ọmọ ẹ̀ka míì, àwọn injiníà, àwọn nọ́ọ̀sì, ní àwọn fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa. Ààrẹ wa fàáké kọ́rí. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ ìtàn ni, kì í ṣe ẹgbẹ́ "ẹnikẹ́ni wálé". Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ògún_Mẹkáníkà

Bá mi kí ààrẹ yín o. Èmi gan-an ni "ẹnikẹ́ni wálé" tó ń wí. Ẹ̀rọ ni mò ń kọ́ níbòmíràn, 400 level. Ṣùgbọ́n níbo ló fẹ́ kí irú wa ti gbọ́ ìtàn? Ìgbà tí a wà ní pírámárì, ní nǹkan bí 2009, ni ìjọba yọ ìtàn kúrò lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé. Ìgbà tí wọ́n fi máa kéde ní 2022 pé ó ti padà, a ti hu irùngbọ̀n. Ẹnu bàbá bàbá mi ni mo ti gbọ́ nípa Kírìjì, ogun tí Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, bá ara wọn jà. Ohun tó sì kọ́kọ́ mú mi máa bi ara mi léèrè nípa òyìnbó ni ojú irin: ta ló gbé irin yìí dé Ìbàdàn ní 1901, kí ló sì fẹ́ fi kó lọ? Ṣé ìbéèrè onírin nìyẹn ni àbí ìbéèrè onítàn?

Àgbà_Pẹ́ńsùlù

Akọ̀wé, ọmọ mi, o ṣeun tí o ò bo ẹ̀sín mọ́lẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún tí mo ka ìtàn ní Yunifásítì Ìbàdàn. N ò fẹ́ fi àgbà yan yín jẹ, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí báánà, ẹ lọ sí Akáífù, ibi tí wọ́n kó àwọn ìwé àtijọ́ ìjọba pamọ́ sí nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Kenneth Dike, òpìtàn ńlá, ló wà nídìí ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó ń ti ọ́fíìsì D.O. (òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè) kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wo fáìlì tí ikán ti fẹ́ẹ̀ jẹ tán. Ní 1954 ìjọba dá ọ́fíìsì sílẹ̀ fún un, ní 1957 òfin fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dike yìí kan náà wà lára àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Òpìtàn Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1955. Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan ṣì ń wí pé ibi tí kò bá sí ìwé, kò sí ìtàn. Dike àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò gbà. Wọ́n ń ka fáìlì òyìnbó, wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu onílẹ̀.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, ogun, ọba àti àdéhùn ni mò ń retí. Fáìlì tí wọ́n gbé fún mi wà lára èyí tí a ń pè ní Oyo Prof, àwọn ìwé tó wá láti ọ́fíìsì Rẹ́sídẹ́ǹtì Ọ̀yọ́. Ìwé ẹ̀bẹ̀ ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Obìnrin kan ní wọ́n gba ìsọ̀ òun. Lẹ́tà ráítà ló bá a kọ ọ́, ẹ sì mọ irú òyìnbó tí àwọn lẹ́tà ráítà máa ń kọ, èyí tó ń pariwo bí agogo. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ pátápátá, òǹtẹ̀ ìka obìnrin náà wà níbẹ̀ nínú yíǹkì aláwọ̀ aró. Mo gbé àtàǹpàkò tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tirẹ̀ kéré gan-an. N ò lè ṣí ewé míì lọ́jọ́ náà.

Àwa mẹ́rin la lọ. Lọ́sẹ̀ kejì a di mọ́kànlá, torí olúkúlùkù ló fẹ́ wá wò ó bóyá ìlú tòun wà nínú fáìlì. Kò sẹ́ni tó bèèrè mínírà. Nítorí náà, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ka yín, ẹ kọ̀wé síbẹ̀ ṣáájú, ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, kẹ́ ẹ sì mú pẹ́ńsùlù dání.

Mesi_Ọ̀gọ̀

Ọ̀rọ̀ Bàbá dùn, àmọ́ ẹsẹ̀ ò ní owó ìwọlé. Nígbà tí mo wà níléèwé, Sátidé kan lóṣù la máa ń fi ẹsẹ̀ rin Ìbàdàn. A ó bẹ̀rẹ̀ ní Mápó, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, a ó gun Òkè Àrẹ lọ sí Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi ṣèrántí Bower, Rẹ́sídẹ́ǹtì òyìnbó ní Ìbàdàn, a ó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Dùgbẹ̀ lábẹ́ Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965. Ibi kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Bí o bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwọ lo máa ra ọ̀jọ̀jọ̀ fún gbogbo èèyàn. Ọ̀jọ̀jọ̀ ọ̀hún wo àrùn ẹnu gígùn sàn ju àlákálẹ̀ ìpàdé èyíkéyìí lọ.

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí

Ẹ̀yin ń gun òkè lọ ṣèrántí Bower? Bower tó da ìbọn ńlá bo Ọ̀yọ́ ní 1895? Kò burú. Ìyẹn tiẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Ẹ ń rìn káàkiri Ìbàdàn látàárọ̀ dalẹ́, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún tirẹ̀ sọ ohun tí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn fojú Èkìtì rí? Fábùnmi, jagunjagun Òkè Ìmẹ̀sí wa, ò ṣàdédé yọ idà sí Ìbàdàn ní 1878 o.

Mesi_Ọ̀gọ̀

Wọ́n ti dé. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn tí ọmọ Èkìtì kan ò ní gbé Kírìjì wọlé bí ẹni gbé àpótí. Bí Ìbàdàn ò bá dúró ní Òṣogbo ní 1840, ta ni ì bá dá ogun Ìlọrin dúró?

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí

Ẹni tó gbà ọ́ lọ́wọ́ olè, tó wá jókòó sílé rẹ, tó ń jẹ iṣu rẹ, tó ń fa ọmọbìnrin rẹ lọ́wọ́, kí là ń pe ìyẹn níbi tiyín?

Alábòójútó

Ẹ̀yin méjèèjì, wọ́n tú àgọ́ Kírìjì ká ní 1893. Mo ti pa èsì mẹ́fà rẹ́ lábẹ́ ibí yìí, pẹ̀lú èyí tó mẹ́nu ba ìyá ẹnìkan. Bí ẹ bá fẹ́ máa bá a lọ, ẹ ṣí ojú ewé tiyín.

Àgbà_Pẹ́ńsùlù

Alábòójútó, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n má tíì lé wọn. Ohun tí wọ́n ń jà sí yìí gan-an ni ìpàdé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹgbẹ́ ọmọ yìí, owó kankan ò sì sí níbẹ̀.

Nígbà tiwa, a ṣe é bí ìgbẹ́jọ́. A dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, òfin kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀: ọmọ Ìbàdàn ló gbọ́dọ̀ rojọ́ fún Èkìtìparapọ̀, ọmọ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà ló gbọ́dọ̀ rojọ́ fún Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ dán an wò, ẹ ó rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Iléṣà gbèjà Látòósà débi pé wọn ò bá a sọ̀rọ̀ nílé fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹlẹ́rìí tí gbogbo wa máa ń pè ni Alàgbà Samuel Johnson, àlùfáà tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá. Kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lókèèrè, ó wà lára àwọn tó gbé iṣẹ́ àlàáfíà láàárín àwọn ọba àti ìjọba Èkó. Ọmọ Ọ̀yọ́ sì ni, ojú Ọ̀yọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa bi í léèrè ọ̀rọ̀: kí lo rí fúnra rẹ, kí lo gbọ́, ta ló sọ fún ọ? Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ ìwé náà kún un. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́, ìwé sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀ Obadiah, tó jẹ́ dókítà, ló fi àwọn àjákù àkọsílẹ̀ tó kù tún un kọ, ìwé náà sì jáde ní 1921. Ohùn ta wá ni à ń gbọ́ nínú rẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n ni àbí ti àbúrò? Èmi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ìyẹn tó sùn mọ́ ìpàdé.

Mesi_Ọ̀gọ̀

Bàbá, ẹ mú mi. Mo gbà láti rojọ́ fún Fábùnmi. Àmọ́ Òkè Ìmẹ̀sí yìí náà gbọ́dọ̀ wọ dàńṣíkí Látòósà.

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí

Títí láé. (Ó dáa, ẹ jẹ́ n lọ rò ó.)

Àǹtí_Atlanta

Ẹ kú àárọ̀ látọ̀dọ̀ tiwa níbí. Mo fẹ́ bá ààrẹ yẹn sọ̀rọ̀ lórí ta ló lè wọlé. Ní Amẹ́ríkà níbí, ẹgbẹ́ kan wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ìtàn dáadáa, Phi Alpha Theta lorúkọ rẹ̀. Yunifásítì Arkansas ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1921, ọdún kan náà tí ìwé Johnson tí Bàbá ń sọ jáde. Wọn ò béèrè bóyá ìtàn lo fẹ́ fi gboyè. Ohun tí wọ́n ń wò ni kọ́ọ̀sì ìtàn tí o ti ṣe, nǹkan bíi mẹ́rin, àti bí máàkì rẹ ṣe rí nínú wọn. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́míkà, ó sì wọlé.

Ẹ má sì jẹ́ kó dà bíi pé òyìnbó ló kọ́ wa. Ní 1925, Ládiípọ̀ Sólànkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní WASU. Òfin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Síbẹ̀ wọ́n ní ìwé ìròyìn tiwọn, wọ́n sì ń fi ìtàn ilẹ̀ wa já òyìnbó ní koro nínú rẹ̀. Ká ní ààrẹ yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ì bá lé Sólànkẹ́ padà.

Ìyá_Olùkọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Bí Akáífù bá jìnnà, tí owó ọkọ̀ ò sì sí, ẹ lọ bá àwọn ìyá arúgbó. Ohun tó máa ń da àwọn ọmọ wa láàmú ni pé ìyá á ní "ó ti pẹ́", wọ́n á ní "ọdún wo?", ìyá á ní "ṣé mo mọ̀wé ni?" Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti parí nìyẹn.

Ẹ má béèrè ọdún. Ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé nígbà náà. Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ orí láti ọdún lùkúlùkú, àjàkálẹ̀ àrùn tó gba ilẹ̀ kan ní 1918. Àwọn tí ẹ lè bá láyé nísinsìnyí, ẹ bi wọ́n pé: ìgbà tí Awólọ́wọ̀ sọ iléèwé di ọ̀fẹ́, ṣé o ti tó lọ? 1955 nìyẹn. Ìgbà tí amóhùnmáwòrán dé Ìbàdàn ńkọ́? 1959. Ṣé ayé wẹ́tíẹ̀ ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé Àgbẹ́kọ̀yà ti bẹ̀rẹ̀? Ìgbà tí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún? Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Ìgbà tí náírà dé, tí pọ́n-ùn kan di náírà méjì? Ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1973. Bí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn pé "á à, a ò tíì máa ná náírà nígbà yẹn", o ti rí òpó tí o máa so ẹran rẹ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ní èdè tiwọn. Ọmọ tó bá ń fi òyìnbó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, àánú ara rẹ̀ ni kó ṣe ara rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí_Dà

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn ìyá, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Àrọ̀bá ni baba ìtàn, baba náà sì máa ń gbàgbé. Èèyàn á ti gbọ́ nǹkan lórí rédíò lẹ́ẹ̀mẹwàá, á wá máa sọ ọ́ bíi pé ó wà níbẹ̀. Ìyá mi búra pé òun rí Ọbabìnrin òyìnbó nígbà tó wá ní 1956. Ìyá mi ò tíì kúrò lábúlé lọ́dún náà. Bí ẹ bá gbọ́ ohun kan lẹ́nu ẹnìkan, ẹ wá ohun kejì tí kò mọ ẹni náà rí.

Akọ̀wé_Kékeré

Ẹ̀yin ará, ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí mo ti kọ̀wé síbí, mo sì ṣèlérí fún Ìyá Olùkọ́ pé mo máa padà wá jábọ̀.

A ò tíì dé Akáífù, ìwé wa ṣì wà lọ́nà. Ààrẹ gbà kí àwọn ọmọ ẹ̀ka míì wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ìdánwò ni fún sáà kan. Injiníà méjì àti nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló wá. Injiníà kan ló kọ́ wa pé kí a fi fóònù sórí aṣọ tí a ká, kì í ṣe sórí tábìlì, kí ariwo tábìlì má baà wọ inú ohùn. Àwa onítàn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èèyàn àkọ́kọ́ tí a lọ bá ni ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá géètì wa. Mo bi í nípa ọmọ rẹ̀ kẹta, ó ní òun ò mọ ọdún. Mo ní, "Ìyá, kí ló ń ṣẹlẹ̀ láyé?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọjọ́ tí òun rọbí, mọ́tò kọ̀ láti gbé òun. Àwọn dẹ́rẹ́bà ń bẹ̀rù, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ yí ọwọ́ padà. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ológeere, tí òun náà ò sì mọ ọwọ́ tó yẹ kó gbà. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun ń rọbí, ohun tó ń dun òun ni aṣọ Àjíǹde tí òun ti rán tí òun ò rí wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo mọ̀ pé Ẹlẹ́rìí_Dà máa ní wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò ni.

Ẹlẹ́rìí_Dà

Ẹnu mi ti là tán láti sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú mi pa á dé ni aṣọ Àjíǹde. Mo lọ wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972, ọjọ́ Àìkú ni. Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni.

Kò sí ẹni tó máa ń rántí ìyẹn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún. Èmi gan-an ò mọ̀ títí di alẹ́ òní. Akọ̀wé, bá mi ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá náà, mo máa fi owó ránṣẹ́.

Ìyá_Olùkọ́

Omijé bọ́ lójú mi. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde!

Akọ̀wé_Kékeré

Ìyá Olùkọ́, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ kẹta náà wá bá wa ní géètì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òun gbọ́ pé a ti mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun, òun sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 1974 ló wà nínú ìwé òun ní ibi iṣẹ́ ìjọba tí òun wà.

Mesi_Ọ̀gọ̀

Yéèèè!

Ọmọ_Òkè_Ìmẹ̀sí

Ẹ wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́, èmi àti Ìbàdàn jọ ń rẹ́rìn-ín.

Àgbà_Pẹ́ńsùlù

Ẹ má rẹ́rìn-ín ẹni náà. Ọ̀pọ̀ wa ni òbí gbójú lé etí tí ọwọ́ kàn kí wọ́n tó mú wa lọ síléèwé. Akọ̀wé, ìtàn ìyá náà ni, ìyá ló lè ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ bi í léèrè níṣojú ọmọ rẹ̀. Akáífù ìjọba pàápàá máa ń ti fáìlì míì pa fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí àwọn tó ṣì wà láyé. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ohùn pamọ́ síbi méjì, ẹ yọ orúkọ kúrò.

Akọ̀wé_Kékeré

A ti lọ bá àwọn méjèèjì. Ìyá ní kí a tẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ọmọ ní kí a jọ̀wọ́ dúró di ìgbà tí òun bá ti gba pẹ́ńṣọ̀n. Wọ́n fà á títí, ìyá gbà, ó ní kí ọmọ òun kọ́kọ́ san owó kẹ̀kẹ́ ọjọ́ yẹn.

Injiníà wa bá wa kó o sórí fíláàṣì méjì, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mi, èkejì wà lọ́dọ̀ ààrẹ. Mo wá yíǹkì fún òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpòòwé, mo sì kọ sára rẹ̀: *Ìyá ẹlẹ́kọ, ìkíní. A ò gbọdọ̀ ṣí i títí di 2034.*